Ìbínú Olùdìbò àti Ọjọ́ Ìdìbò: Ohun Tí Ojú Ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Ti Rí Láti Ọdún 1951

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá. A ti parí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi àti ti òrùlé gbọ̀ngàn ìlú, a sì ń retí oúnjẹ, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti Èkó wá dìde, tí ó wí pé ní ìdìbò tí ń bọ̀, kò sí ẹnì kan ní ìlú yìí tí yóò tún dìbò fún ẹgbẹ́ tí ó dì fún tẹ́lẹ̀, nítorí ìyà ti tó. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó ní iwájú kò pàtẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín ni. Ó ní òun ti ń gbọ́ gbólóhùn náà láti ìgbà tí òun ti ń fi ṣílè san owó orí. Ariwo sọ, alága lu agogo, a sì jẹun láìparí ọ̀rọ̀.

Òfin ẹgbẹ́ wa kò gbà kí a gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú wọ inú ìpàdé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ìbéèrè tí ọmọ wa àti bàbá wa fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ ohun tí a lè fi ìtàn wò: nígbà tí inú bá bí àwọn ènìyàn sí ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba, ṣé òótọ́ ni wọ́n máa ń gbé ìbò wọn lọ sí ibòmíràn bí ọjọ́ bá pé, tàbí ẹnu lásán ni? Ó kéré tán, ilẹ̀ wa ti dìbò tó ní àádọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti lè dáhùn díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọdún 1951 ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún náà, kì í ṣe olùdìbò ni ó yan aṣòfin tààrà. Àwọn ará àdúgbò yan aṣojú, àwọn aṣojú yẹn yan àwọn aṣojú mìíràn, títí ó fi kan ìwọ̀nba ènìyàn tí ó yan ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀. Ẹni tí a mọ̀ ni a yàn. Olùkọ́ ni, tàbí agbẹjọ́rò, tàbí ẹni tí ó ń ra kòkó tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò ṣègbè. Àmì ẹgbẹ́ kò tíì di nǹkan kan lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn tó péjọ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 1952, NCNC ń wí pé àwọn ni wọ́n pọ̀ jù, Action Group náà ń wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a jókòó tán, Action Group ni ó pọ̀. Àwọn ọmọ Ìbàdàn tí a yàn lábẹ́ ẹgbẹ́ ìlú tiwọn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn bá Action Group lọ. Adégòkè Adélabù kò bá wọn lọ. Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán títí di òní, a kò sì ní tẹ̀ ẹ́ síwájú níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé ìyípadà àkọ́kọ́ tí ìlú pariwo lé lórí, àwọn tí a yàn ni ó ṣe é. Olùdìbò wà ní oko rẹ̀ nígbà tí a ṣe é tán.

Ọdún 1954 ni olùdìbò fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1952, Olóyè S. O. Awókọ́yà, tí ó jẹ́ Mínísítà Ẹ̀kọ́, ti gbé ètò kan síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ pé kí gbogbo ọmọdé Ìwọ̀ Oòrùn máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan owó. Ètò rere ni. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń kọ́ ilé, owó ni a sì fi ń tọ́jú olùkọ́. Ìjọba Action Group, tí àwọn ará wa ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ nítorí àmì igi ọ̀pẹ wọn, bá bu owó kan lé orí ẹnikẹ́ni tí ó ń san owó orí, bíi ṣílè mẹ́wàá, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ẹni tí ó ní ọmọ méje san án, ẹni tí kò bí rárá san án, bàbá arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà tán náà san án. Àwọn akódà ń wọ ilé kiri. NCNC, tí àmì wọn jẹ́ àkùkọ, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n tọ́ka sí owó náà.

Ìdìbò sí Ilé Aṣojú ti ìjọba àpapọ̀ bọ́ sí oṣù kọkànlá ọdún náà. Ní Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, ẹni tí ó ń san owó orí ni ó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ẹ wò ó dáradára: àwọn tí a bu owó lé lórí gan-an ni a tún fi ìbò lé lọ́wọ́. Àwọn ìyá wa tí inú wọn ń dùn pé ọmọ àwọn yóò kàwé, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kò sí lórí ìlà, nítorí wọn kì í san owó orí. Nígbà tí a ka ìbò tán, nínú àga 42 tí Ìwọ̀ Oòrùn ní, NCNC mú 23, Ọlọ́pẹ mú 18. Ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba ní Ìbàdàn ni a lù nínú ilé ara rẹ̀.

Bàbá tí ó bí wa lọ́mọ jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, ó sì wà nínú àwọn tí ó lù ú. Kò fi pamọ́. Ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọrin àkùkọ yí ìlú ká. Ó ní òun kò lè máa san owó ẹ̀kọ́ fún ọmọ tí òun kò tíì rí síléètì lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn ìdìbò náà, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣí. Wọ́n mú wa lọ sí iwájú olùkọ́ kan tí ó ní kí a gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kí ó kan etí òsì. Ọwọ́ wa kàn án, tí ipá ni o, a sì wọlé. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn jẹ́ 456,600. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìbò tí bàbá wa dì ní 1954, ìbò lòdì sí ohun tí ó kọ́ wa ní ìwé ni, ṣùgbọ́n a kò lè bá a jà, nítorí ohun tí ó rí ni ó fi dìbò. Owó ti jáde lápò rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì ṣí.

Ohun kan wà nínú ìdìbò 1954 tí àwọn tí ń pìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ni. Kò lè lé Olóyè Awólọ́wọ̀ kúrò ní Ìbàdàn. Ẹni tí inú ń bí lè fi ìbò na Ọlọ́pẹ ní pàṣán, kí Ọlọ́pẹ sì wà ní ipò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìbínú rọrùn láti ná nígbà tí kò bá ní wó ilé tí a ń gbé. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá dé Èkó ní 2023.

Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1956, wọ́n dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn fúnra rẹ̀. Ọlọ́pẹ mú àga 48 nínú 80, NCNC mú 32. Àwọn ènìyàn wí pé ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti pe àwọn aláìgbọràn padà. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má fi ojú àga nìkan wò ó. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, bí 48 ni Ọlọ́pẹ gbà, NCNC sì gba bí 45. Mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà láàárín wọn, tí ó sì di àga mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà, bí a bá ń gbọ́ pé ìlú ti yí padà, ó lè jẹ́ pé ènìyàn díẹ̀ ni ó yí, ní ibi tí yíyí wọn ti ṣe pàtàkì. Àwọn tí ó kù wà níbi tí wọ́n ti wà.

Bàbá wa ńkọ́? Ní ọjọ́ ìdìbò 1956 ó gbé àdá, ó gba oko lọ. Kò dìbò fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni a bi í léèrè. Ó ní ojú ti òun láti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́pẹ lójú àwọn tí òun bá kọrin ní 1954, ọkàn òun kò sì gbà kí òun tún lù wọ́n bí òun ti ń rí wa tí a ń gbé síléètì jáde láràárọ̀. Nítorí náà ni òun ṣe lọ ro oko. A kò mọ̀ nígbà náà pé bàbá wa ti fi ọ̀nà kẹta hàn wá, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí jù lónìí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Ìbàdàn. Adélabù pe ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Mábọláje, ó sì bá NCNC dà á pọ̀. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn mọ̀gàjí tí ó tẹ̀ lé e kò tẹ̀ lé e nítorí owó orí nìkan. Wọ́n rò pé ìlú àwọn ni àwọn àjèjì fẹ́ gbà mọ́ àwọn lọ́wọ́, àti pé ẹni tí ó ń sọ èdè àwọn bí àwọn ti ń sọ ọ́ ni Adélabù. Ọkọ̀ pa á ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958. Ènìyàn ìbá rò pé ẹgbẹ́ náà yóò bá a lọ. Nígbà tí a dìbò Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, Ọlọ́pẹ mú ohun tí ó tó àga 79, àmọ́ Mábọláje ṣì mú àga mẹ́wàá. Òkú ni wọ́n dìbò fún. Ọ̀yọ́ náà ní ọgbẹ́ tirẹ̀: a lé Aláàfin Adéníran Adéyẹmí Kejì kúrò ní ìlú ní 1954, àwọn tí ó sì fẹ́ràn ọba wọn kò gbàgbé ẹgbẹ́ tí ó lé e. Ìlẹ́ṣà jẹ́ ilé Àkùkọ fún ìgbà pípẹ́. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ dàbí agbo ilé. Ènìyàn lè kùn sí baálé láti àárọ̀ dé alẹ́, kí ó sì bú u lójú àlejò pàápàá, ṣùgbọ́n kò ní torí ìyẹn kó ẹní rẹ̀ lọ sí agbo ilé tí ó kọjú sí i.

Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé kíkùn kì í ṣe ìbò. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àmọ́ àwọn tí ó wà lórí oyè kò fi ìgbà kankan gbà pé ẹnu lásán ni, bí a ó ti rí i nísinsìnyí.

Ìjà inú Ọlọ́pẹ ní 1962 kò nílò kí a tún un rò fún ọmọ ìlú wa kankan. Olóyè Awólọ́wọ̀ àti Olóyè S. L. Akíntọ́lá já ara wọn jù, wọ́n sọ àga lu ara wọn ní Ilé Ìgbìmọ̀, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n, Akíntọ́lá sì padà sórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1963 pẹ̀lú ìrànwọ́ NCNC. Ní 1964 a dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀, tí a ń pè ní Dẹ́mọ. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ó yí padà níhìn-ín? Àwọn aṣòfin tí a fi àmì ọ̀pẹ àti àmì àkùkọ dìbò yàn ni ó kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ tuntun. Àwọn tí ó dìbò fún wọn ní 1960 kò bá wọn lọ. Inú ń bí wọn ni. Nígbà tí ìdìbò Ìwọ̀ Oòrùn pé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, ìbínú ti pọ̀ dé ibi tí àwọn tí ń ṣe ìjọba fi mọ̀ pé bí a bá jẹ́ kí àwọn ènìyàn dìbò kí a sì kà á, ọ̀rọ̀ yóò bàjẹ́. Wọn kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. A kéde pé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ìjọba ti wọlé láìní alátakò, nígbà tí alátakò wọn wà láàyè tí ó sì ń wá ẹni tí yóò gba ìwé rẹ̀. Èsì tí a kà ní ibi ìdìbò àti èyí tí a gbọ́ lórí rédíò kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni Wẹ́tìẹ. A da epo sí ilé, a da epo sí ènìyàn. Ní ìlú tiwa, àwọn ilé kan wà tí ògiri wọn dúdú títí a fi wó wọn lulẹ̀, a kò sì ní dárúkọ wọn, nítorí àwọn ọmọ ẹni tí ó sun ún àti àwọn ọmọ ẹni tí a sun ilé rẹ̀ jọ ń san owó ẹgbẹ́ yìí lónìí. Ìdí nìyí tí òfin ẹgbẹ́ wa fi rí bí ó ti rí. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966 ni àwọn ológun gba ìjọba. Ẹni tí ó bá wí pé olùdìbò kò lè yí ìbò rẹ̀ padà, kí ó rántí 1965: àwọn tí wọ́n wà lórí oyè bẹ̀rù ìyípadà náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bá ìdìbò jẹ́.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1983 tún fi irú rẹ̀ hàn, láti ìhà mìíràn. Olóyè Akin Ọmọ́boríowó jẹ́ igbákejì gómìnà lábẹ́ Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin ti UPN. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ du ipò nínú ẹgbẹ́, kò rí i gbà, ó sì kó lọ sí NPN. Èrò àwọn NPN ni pé bí igbákejì bá ti kó wá, àwọn ènìyàn yóò bá a kó wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, a kéde pé Ọmọ́boríowó ni ó wọlé. Ìlú gbaná, ènìyàn kú. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, a sì dá ipò padà fún Ajáṣin. Ẹni ńlá lè fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàárín alẹ́ kan; àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń dúró wò ó lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti 1999 súnmọ́ wa, a ó sì yára kọjá nínú díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 2003, ẹgbẹ́ AD tí ó ní gómìnà mẹ́fà ní ilẹ̀ Yorùbá pàdánù márùn-ún nínú wọn sọ́wọ́ PDP, Èkó nìkan ni ó kù. Inú bí àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n AD kò fa ẹnì kankan kalẹ̀ fún ipò ààrẹ lọ́dún náà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún Olóyè Ọbásanjọ́. Ẹni tí a bá ti sọ fún pé kí ó dìbò fún ẹgbẹ́ kejì ní ọjọ́ kan náà, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ní Èkìtì, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2014, Ayọ̀délé Fáyóṣe gba ìbò 203,090, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí gba 120,433, ó sì pàdánù ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ipa àwọn ológun níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́ Èkìtì ní ọdún náà tí kò mọ̀ pé inú ń bí wọn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Fáyẹmí kan náà padà wọlé pẹ̀lú 197,459. Nínú ìdìbò 2018 yẹn ni gbólóhùn náà tàn kálẹ̀, pé kí ènìyàn dìbò kí ó sì sebẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa lè bínú fún ọdún mẹ́ta àti oṣù mọ́kànlá, kí owó ọbẹ̀ sì dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò.

Ọ̀ṣun ni a fẹ́ dúró lé lórí, nítorí iye ìbò ibẹ̀ sọ ohun tí kò hàn sí ojú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, lẹ́yìn àtúndì ní àwọn ibì kan, APC tí ń ṣe ìjọba gba ìbò 255,505, PDP gba 255,023. Ìbò 482 péré! Òṣìṣẹ́ ti gba owó oṣù àbọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó di ọjọ́ náà, gbogbo ayé sì ti wí pé Ọ̀ṣun ti kúrò lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n dúró. Ní oṣù keje ọdún 2022, PDP gba 403,371, APC gba 375,027, ìjọba sì yí padà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2023.

Ẹni tí ó bá wo èyí lóréfèé yóò wí pé àwọn tí ó dìbò fún APC ní 2018 ni ó kó lọ sí PDP ní 2022. Kí ó tún un wò. Ìbò APC kò dín. Ó lé sí i ní ohun tí ó tó 119,000. Ní 2018, Iyiọlá Omíṣore tí ó wà ní SDP gba ìbò tí ó lé ní 128,000, ó sì ti di ọmọ APC kí ó tó di 2022. Bí a bá da ìbò rẹ̀ ti 2018 pọ̀ mọ́ ti APC, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tí APC gbà ní 2022 náà. A kò lè fi èyí búra pé àwọn ènìyàn kan náà ni, nítorí ìwé ìbò kì í dárúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Ìjà sì wà nínú ilé APC láàárín gómìnà tí ó lọ àti èyí tí ó jẹ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ó hàn pé ibi tí PDP ti rí ohun tí ó lé ní 148,000 tí ó fi borí, kì í ṣe láti inú òfìfo tí APC fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní láti jẹ́ àwọn tí ó wà nínú ilé ní 2018, àti àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kékeré. Bí ìjọba ti ṣe yí padà ní Ọ̀ṣun nìyẹn. Síbẹ̀, nínú ohun tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù méjì tí ó forúkọ sílẹ̀, àwọn tí ó jáde kò tó ìdajì.

A wá dé Èkó. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, nínú ìdìbò ààrẹ, Peter Obi ti Labour Party gba 582,454 ní Èkó, Bọ́lá Tinúbú gba 572,606 ní ìlú tí ó ti ṣe gómìnà rí. Ariwo ta dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ wa lẹ́yìn odi, tí òfin kò fún láǹfààní láti dìbò láti ibẹ̀, ni ó dá lójú jù pé Èkó ti yí padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló tẹ̀ lé e kí ìdìbò gómìnà tó dé. Babájídé Sanwó-Olú gba 762,134. Ẹni tí Labour Party fà kalẹ̀ gba 312,329. Ìbò Labour tí ó tó 270,000 ti rá. Níbo ni wọ́n lọ? A mọ̀ pé wọ́n dẹ́rù ba àwọn kan, wọ́n sì sọ fún àwọn kan pé ìlú yìí kì í ṣe tiwọn, ohun ìtìjú ni fún ilẹ̀ Yorùbá tí ó mọ àlejò ṣe. A mọ̀ pé àwọn mìíràn wò ó pé ìbò àkọ́kọ́ kò yọrí sí nǹkan kan, wọ́n sì sùn sílé. Àwọn kan sì ṣe bí àwọn ará 1954: wọ́n fi ìbò ìjọba àpapọ̀ na ẹgbẹ́ ní pàṣán, nígbà tí ó kan ilé tí wọ́n ń gbé, wọ́n padà sílé. Èkó ní orúkọ tí ó lé ní mílíọ̀nù méje nínú ìwé ìdìbò nígbà náà. Àwọn tí ó dìbò ààrẹ níbẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀.

Ní gbogbo Nàìjíríà, ìyẹn ni iye tí ó dẹ́rù bà wá jù. Ní 2015, nígbà tí Ọ̀gágun Bùhárí lé Ààrẹ Jonathan, tí ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ìbò lé ààrẹ tí ó wà lórí oyè ní ilẹ̀ yìí, àwọn tí ó dìbò lé ní mílíọ̀nù 29. Ní 2023, orúkọ tí ó wà nínú ìwé ti di mílíọ̀nù 93, àwọn tí ó jáde jẹ́ bíi mílíọ̀nù 25. Láàárín ọdún mẹ́jọ náà, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìbínú dín kù. Àdá ni wọ́n gbé, bí bàbá wa ní 1956, wọ́n gba oko lọ.

Nítorí náà, ọmọ wa tí ó ti Èkó wá kò purọ́, bàbá wa tí ó rẹ́rìn-ín kò sì ṣìnà. Ìgbà tí ìbínú bá wọ inú ilé olúkúlùkù bí ṣílè mẹ́wàá ti wọ̀ ọ́, tí ilé mìíràn sì wà tí a ti kọ́ sílẹ̀, tí ènìyàn lè wọ̀ láìtijú, àwọn ènìyàn wa máa ń yí padà, wọ́n sì ti ṣe é lójú wa. Ìgbà tí kò bá sí irú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó wà ṣùgbọ́n tí a kò mọ baálé rẹ̀, wọn a jókòó. Ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba a sì ka ìjókòó wọn mọ́ ìbò tirẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ lọ́jọ́ ìpàdé náà, a pe ọ̀dọ́mọkùnrin wa sí ẹ̀gbẹ́ kan, a bi í bóyá káàdì ìdìbò rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó ní àdúgbò tí òun ń gbé tẹ́lẹ̀ ni òun ti forúkọ sílẹ̀, pé òun ti kó kúrò níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, pé iṣẹ́ kò tíì jẹ́ kí òun ráyè lọ yí i padà. Bàbá àgbàlagbà náà wà nítòsí, ó ń gbọ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó yọ káàdì tirẹ̀ jáde nínú ọ̀rá, ó fi hàn wá, ó sì dá a padà sí àpò. A bi í pé ẹgbẹ́ wo ni yóò dì í fún. Ó ní kí a jọ̀wọ́ bá òun wá ọ̀pá òun, ilẹ̀ ti ń ṣú.